Èènì Orí Ogún

Ohùn tó kọ́kọ́ máa ń jí mi nílé wa ní Òkè-Ṣopẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti ládàánì. Ohùn obì ni. Ẹni tí kò bá gbé ilé olóbì rí lè rò pé obì kò ní ohùn. Obì tí wọ́n ti rẹ sómi máa ń ró gbàlà bí wọ́n bá ń dà á sínú apẹ̀rẹ̀, èèpo funfun ara rẹ̀ á máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ èékánná àwọn obìnrin tó ń bó o, ewé tí wọ́n fi ń tẹ́ inú agbọ̀n á máa pariwo bí ẹni tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ kùtù. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ń ka obì: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta..." títí á fi dé ogún. Bó bá dé ogún, á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé itọ́ mì, á wá ní "èènì," á sì ju ẹyọ kan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa bẹ̀rẹ̀ ogún mìíràn. Gbogbo oníṣòwò ló mọ èènì, èmi náà ń fi í sílẹ̀ fún oníbàárà dòní, ṣùgbọ́n àwọn tó kù máa ń dúró kí wọ́n bẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà kì í dúró. Òfin ni lọ́dọ̀ rẹ̀: ogún kan, èènì kan, ìbáà jẹ́ Hausa tó wá fi ọkọ̀ akẹ́rù kó obì lọ sókè Ọya, ìbáà jẹ́ ọmọ àdúgbò tí wọ́n rán níṣẹ́. "Èènì tí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ kó o tó fi sí i," ló máa ń wí, "ó ti di sàárà. Èènì gidi ni wọ́n fi ń de oníbàárà mọ́lẹ̀. Bó lọ títí, yóò padà wá."

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ mi kò tíì gba orí kọjá kan etí kejì, n kò sì tíì lè wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń pariwo rẹ̀. Bàbá mi ń la gẹdú nínú igbó. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń rí i, á kírun, á jẹ ìkọ́kọrẹ́ abọ́ méjì, á sùn, ó tún di ọjọ́ mìíràn. Ìyá mi ń ná ọjà ẹja. Ó máa ń wọkọ̀ lọ sí Abigi àti Ibiade létí omi lọ́hùn-ún, á lo bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó dé, á sì fi mí sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà obì lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Inú Ìyá Àgbà dùn sí èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Èékánná mi kéré, ó mú, ó máa ń wọ ibi tí obì ti pín sí méjì, ibi tí èékánná àgbàlagbà kò lè dé. Ó ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run kì í fún ilé méjì lọ́dún kan. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé bí mo bá bó mẹ́wàá, mo ń jẹ ìdajì ọ̀kan. Nígbà tí ìyá mi ti Ibiade dé lọ́jọ́ kan, tó bá mi tí ojú mi là rekete bí ojú òwìwí, tí mò ń yí agbọ̀n obì ká, tí mò ń kọrin, tí wọ́n sì sọ fún un pé ọjọ́ kejì nìyẹn tí n kò ti sùn, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja sílẹ̀, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Sìdí máa lọ sílé-ìwé," ó ní.

"Ilé-ìwé wo?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Ọmọ tí kò lè kan etí ara rẹ̀?"

"Ìyá wa, wọn kì í béèrè etí ní jẹ́lé-ó-sinmi."

"Jẹ́lé-ó-sinmi! Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ ilé mi?"

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì wọ ìwé fún ọmọ kékeré ládùúgbò wa. Ilé-kéú Alfa wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ibẹ̀ ni bàbá mi fẹ́. Wọ́n mú mi lọ. Mo jókòó lórí ẹní, mo gbọ́ "álífù" àti "bá", mo sì sùn lọ fọnfọn lórí ẹsẹ̀ Alfa fúnra rẹ̀, torí oorun ọjọ́ méjì ṣì wà lọ́rùn mi. Alfa gbé mi wá sílé ní èjìká. Ó ní kí wọ́n mú mi padà wá bí mo bá ti lè jókòó láìfara ti olùkọ́. Ìkejì ni ti ìjọ Aládùúrà nísàlẹ̀, níbi tí àbúrò ìyá mi ń lọ. Orin dùn níbẹ̀ dọ́ba, ṣùgbọ́n mo dé ilé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà nínú àtíbàbà obì mọ́, pé ilẹ̀ mímọ́ ni. Ìyá Àgbà ní òun kò bá Aládùúrà jà, aládùúgbò òun ni wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò lè máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ èèpo obì nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìkẹta ló kù: jẹ́lé-ó-sinmi tí káńsù dá sílẹ̀, lábẹ́ páànù tó dojú kọ àtíbàbà obì wa gan-an. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ kan ló là wá láàárín. Olùkọ́ kan ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè. Mísì là ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ mìíràn títí dòní.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, n kò sì ní í purọ́ fún yín pé ìwé ni. Ògì ni. Bí oòrùn bá gòkè díẹ̀, Mísì á bu ògì gbígbóná sínú ife tánganran, á fi ṣúgà sí i, á ní ká gbàdúrà, gbogbo wa á sì dìjú, ẹnì kọ̀ọ̀kan a fi ojú kan ṣọ́ ife rẹ̀. Jangirọ́fà kan tún wà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Ọmọ tó bá ti gun jangirọ́fà lẹ́yìn ògì, bí wọ́n bá ní kó padà wá bó obì, ẹ wo ojú rẹ̀. Ìyá Àgbà rí ojú mi, ó sì dùn ún dé eegun. Bó ṣe máa ń yẹ obì wò fún kòkòrò, tó máa ń gbé e sókè sí oòrùn, tó máa ń fi èékánná ha á, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí yẹ jẹ́lé-ó-sinmi wò láti ìdí agbọ̀n rẹ̀. Láàárọ̀ á ka àwa ọmọ bí a ṣe ń wọlé. Lọ́sàn-án á kà wá bí a ṣe ń jáde.

"Mẹ́tàdínlógún wọlé," ló wí fún ìyá mi lọ́jọ́ kan, "mẹ́tàdínlógún jáde. Kò lé kan. Kí wá ni wọ́n rí ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?"

"Ìyá wa, ilé-ìwé ni, kì í ṣe agbo adìyẹ."

"Adìyẹ ìbá tiẹ̀ yé ẹyin."

Ìyá mi kì í bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ìyàwó ilé kì í jàre ìyá ọkọ lójú ọjà. Ṣùgbọ́n òun náà mọ ohun tó ń ṣe. Bí jẹ́lé-ó-sinmi bá wà, ó lè máa lọ sí Ibiade pẹ̀lú ọkàn kan. Bí kò bá sí, yálà kó jókòó sílé kí ẹja máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kó fi mí sábẹ́ àtíbàbà kí n sọ ara mi di òwìwí. Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn nígbà tí Mísì wá kí wa, tó sọ pé ìsìpẹ́kítọ̀ ń bọ̀ láti Ìbàdàn, pé ó ti ń ti jẹ́lé-ó-sinmi pa káàkiri, pé èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá mọ nǹkan kan ju orin àti oorun lọ, káńsù kò ní í fi olùkọ́ síbẹ̀ mọ́.

"Ọjọ́ wo ló ń bọ̀?" ni ìyá mi béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, mà."

Ìyá Àgbà mú obì kan, ó fi èékánná ha á, ó rẹ́rìn-ín sí obì náà bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ nìyí. Ìyọnu tàbí ibà, n kò mọ èyí tó mú Mísì, ohùn rẹ̀ há pátápátá lọ́sẹ̀ náà, kò lè sọ̀rọ̀ ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ. Bẹ́ẹ̀ kíkà ni wọ́n ní ìsìpẹ́kítọ̀ máa ń bi ọmọ. Òkìtì ekùrọ́ kan wà ní igun páànù tí a fi ń kọ́ kíkà. Mísì wo àwa mẹ́tàdínlógún, ó wo èyí tó máa ń fo ẹẹ́fà, ó wo èyí tó máa ń ti ẹẹ́jọ padà sí ẹẹ́ta, ó wá rí èmi tí mo lè kà dé ogún bí ẹní mumi. Ó fà mí jáde, ó ní èmi ni kí n máa ka ekùrọ́, kí àwọn tó kù máa gbè é. Ayé ti dé bá mi! Mo ká ọwọ́ bùbá mi sókè bí mo ṣe rí Ìyá Àgbà tó ń ṣe, mo jókòó ti òkìtì ekùrọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ogún, mo dákẹ́ díẹ̀, mo gbé itọ́ mì, mo ní "èènì," mo sì ju ẹyọ kan sí i. Àwọn tó kù náà dákẹ́, wọ́n gbé itọ́ mì, wọ́n ní "èènì." Mísì gbọ́ ọ. Ó sọ fún wa nígbà tó yá pé òun rò pé ariwo ìparí lásán ni, bí "àmín." Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀ pé ogún lè dá dúró láìsí èènì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà nílé wa nìyẹn, látìgbà tí mo ti gbọ́njú. A kà á lọ́jọ́ Ajé, a kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kà á títí àwọn aláàárù tó ń kọjá lọ́nà fi ń bá wa dá èènì pa pọ̀.

Ọjọ́ tí ìsìpẹ́kítọ̀ dé, ìyá mi ti wà ní Ibiade. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní, "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá sí i." Ìyá Àgbà ní kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ bọ́ sí iwájú àtíbàbà, ó kọjú sí páànù, ó bu obì sẹ́nu. Ọkùnrin ńlá ni ìsìpẹ́kítọ̀, ó wọ ṣòkòtò péńpé kakí, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn. Akọ̀wé káńsù ń tẹ̀ lé e. Kò gba orin tí a kọ, kò gba ìkíni tí a ti ń kọ́ láti ọjọ́ Ajé. Ó tọ́ka sí ekùrọ́.

"Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ogún wá fún mi."

A sáré. Ọmọ àkọ́kọ́ kó tirẹ̀ dé. Ìsìpẹ́kítọ̀ kà á, ó jẹ́ mọ́kànlélógún. Ó mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọmọ kejì, mọ́kànlélógún. Ọmọ kẹta, mọ́kànlélógún. Ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún ti ẹ̀kẹta kà. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, mo rí i tó ń fi ìka ara rẹ̀ ṣírò lábẹ́ ìwé. Gbogbo wa mẹ́tàdínlógún ló kó mọ́kànlélógún wá, a tò ó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín, a ń retí kó pàtẹ́wọ́.

"Mísì," ó ní, "bí ọmọ kan bá ṣì í sí òkè, tí èkejì ṣì í sí ìsàlẹ̀, mo lè ní ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà lẹ́nu ọmọ mẹ́tàdínlógún? Ẹ kọ́ wọn ni. Ìjọba ń sanwó kí wọ́n lè kọ́ wọn lóhun tí kò sí."

Mísì fẹ́ sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ló jáde. Omi wá sójú rẹ̀. Ìsìpẹ́kítọ̀ ṣí gègé rẹ̀. Èmi tí n kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ̀ pé nígbà tí àgbàlagbà bá ń sunkún níwájú ìwé, ògì ti wà nínú ewu. Mo dìde.

"Sà, ogún ni. Ìkan yẹn, èènì ni."

"Èènì kí ni?"

"Èènì orí ogún. Kí ẹ lè padà wá."

Akọ̀wé káńsù wúkọ́ sínú ọwọ́ rẹ̀. Ìsìpẹ́kítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ yín ní èènì?" Ọmọ mẹ́rìndínlógún na ìka sí mi. Èmi náà wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí mo lè nà án sí nínú ọgbà, mo bá nà án sí òdìkejì ọ̀nà, sí Ìyá Àgbà lórí àpótí rẹ̀.

Wọ́n pè é. Ó gbọn èèpo kúrò lára ìró, ó rọra sọdá. Títí dòní mo gbà pé inú ẹ̀rín ló ti dìde. Ohun tó ń wá láti oṣù mélòó kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́: bó bá dákẹ́, tàbí tó ní "ọmọdé lásán ni, ẹ má dá a lóhùn," ilé-ìwé ti tì, èékánná mi ti padà sílé. Ṣùgbọ́n ìsìpẹ́kítọ̀ ṣe àṣìṣe kan. Ó yẹ kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó máa lọ.

"Ìyá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí ní àṣìṣe?"

"Àṣìṣe wo?"

"Èènì yìí."

Ojú Ìyá Àgbà yí padà. "Èènì ni àṣìṣe?"

"Ní ilé-ìwé, mà, àṣìṣe ni. Mo ní ogún, wọ́n kó mọ́kànlélógún."

"Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí kò mọ ogún, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí èènì ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ ka èyí tó kù. Bí ẹ bá rí ibi tó ti dín, ẹ ti ilé náà pa, kí ẹ ti tèmi mọ́ ọn."

Ìsìpẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Ogún. Ogún. Ogún. Láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá Àgbà kò fún un láyè kó mí. "Sìdí! Bí ẹnì kan bá ra mẹ́wàá, èènì mélòó?"

"Kò sí, Ìyá Àgbà. Kò tíì tó."

"Bó bá ra ogójì ńkọ́?"

Gbogbo ọmọ ló dáhùn pọ̀: "Méjì!"

"Ọgọ́ta?"

"Mẹ́ta!"

"Ọgọ́rùn-ún?"

Èyí wọ́ díẹ̀. Àwọn kan wo ọ̀run. Ọmọ tó máa ń fo ẹẹ́fà yẹn, òun tí Mísì ti sọ̀rètí nù lé lórí, ló ní, "Márùn-ún!" Akọ̀wé káńsù kò lè wúkọ́ mọ́, ó fi ẹ̀rín sílẹ̀ kó jáde. Ìsìpẹ́kítọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó ní òun ti dé ilé-ìwé ńláńlá tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kejì kò lè ṣe èyí tí àwọn ọmọ ológì yìí ń ṣe. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́. Ó wá yí sí Mísì, ó ní kó máa kọ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ní ilé-ìwé, ogún parí sí ogún.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì na ẹyọ obì kan sí i.

Ó fà sẹ́yìn. "Rárá o, mà. A kì í gba ẹ̀bùn níbi tí a bá wá yẹ̀ wò."

"Ta ló fún yín lẹ́bùn? Èènì ni."

"Èènì orí kí ni? N kò ra nǹkan kan."

"Ẹ ò rí i?" Ìyá Àgbà ní. "Ẹ wá ra ogún."

Ó sì rà á! Ọkùnrin tó fẹ́ ti ilé-ìwé pa sọdá ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó dúró lábẹ́ àtíbàbà, Ìyá Àgbà ka ogún fún un pẹ̀lú ohùn gíga, kí gbogbo Òkè-Ṣopẹ́n lè gbọ́, ó dákẹ́, ó gbé itọ́ mì, ó ní "èènì." Àwa ọmọ pàtẹ́wọ́ láti òdìkejì.

Nígbà tí ìyá mi dé, tó gbọ́, ó ṣa ẹja tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gba ẹja, kò gba ọpẹ́. "Ilé-ìwé yín kò kàn mí," ó ní. "Èènì ló kàn mí. Ẹni kan ò lè ti Ìbàdàn wá pe èènì mi ní àṣìṣe níwájú ọjà mi." Nígbà tó di ọjọ́ kejì ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó jókòó ti agbọ̀n, ó wo àyè mi tó ṣófo, ó wo òdìkejì níbi tí mo ti ń fì lórí jangirọ́fà. Ó pòṣé tó gùn débi pé àwọn obìnrin tó ń bó obì gbójú sókè.

Ìwé mi kò lọ jìnnà lẹ́yìn ìyẹn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta ni mo ti yà sí ọjà, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í bú mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì wà nítòsí lọ́dún kejì nígbà tí ọkọ̀ ìsìpẹ́kítọ̀ tún wọ àdúgbò. Mísì ti to àwọn ọmọ tuntun sí ìlà, wọ́n ti há ìkíni sórí, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ọkọ̀ kò dúró níwájú páànù. Ó dúró níwájú àtíbàbà. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó mú àpò kékeré kan lọ́wọ́, ó ní ti èṣí ti tán, ìyàwó òun ní kí òun má ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyá mi ń ṣa ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá Àgbà kò tíì dá ọkùnrin náà lóhùn tó fi yíjú sí ìyá mi, tó na ìka sí oníbàárà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń na ìka sí ẹ̀rí.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Èyí wọlé, ó jáde, ó sì padà wá."